A Kò Tíì Tọrọ Ìyàwó Wa

Abdulbasit àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí Lena ìyàwó wa, mo kí àwọn ọmọ. Gbogbo ará Peckham ń kí yín dé Oklahoma. Orúnkún Mummy ti fúyẹ́ látìgbà tí wọ́n gba abẹ́rẹ́ ní Camberwell. Nusaybah ọmọ mi ti wọ yunifásítì ní New Cross, kò wá fọ àwo mọ́.

Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé gan-an nìyí. Látìgbà tí ẹni tí Lena fẹ̀yìn ẹ̀ balẹ̀ nínú ìbò sípò ìgbìmọ̀ ẹ̀yà wọn ti gbé ẹ̀yà náà lọ sí kóòtù ìjọba àpapọ̀ ni Mummy ò ti jẹun dáadáa. Nígbà tí o fóònù pé adájọ́ ti da ẹjọ́ náà nù, mo ṣàlàyé fún wọn pé ẹ̀yà Lena ti wà ní Amẹ́ríkà kí òyìnbó tó dé, ó ní àṣẹ tirẹ̀ bí ìjọba, kò sẹ́ni tó lè pè é lẹ́jọ́ àfi tó bá gbà, àti pé àwọn àgbà ibẹ̀ ti ní Lena ló wọlé.

Mummy jó yí pálọ̀ ká, wọ́n wá dúró lójijì.

"Nímọ́tà! Kóòtù Amẹ́ríkà gan-an gbọ́dọ̀ gbàyè lọ́wọ́ àwọn èèyàn yìí. Àwa wá lọ mú ọmọ wọn ní registry, a ò tọrọ!"

Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí, àmọ́ Mummy ò ṣeré. Wọ́n ti ní kí Uncle Mákánjúọlá bẹ̀rẹ̀ sí í dánra wò bí wọ́n ṣe máa dọ̀bálẹ̀.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ipò náà tu Lena lára. Jọ̀ọ́, ní kó bá wa bi àwọn àgbà wọn bóyá a lè wá. Tí wọn ò bá gbà, Mummy ní àwọn ò ní pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́: ẹnu ọ̀nà làwọn máa jókòó sí títí wọ́n á fi gbà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Nímọ́tà