Òjò Tó Ṣú Tí Kò Rọ̀

Jẹ́jẹ́, ọ̀rẹ́ ọmọ mi,

Kí n tó kí ọ rárá, jẹ́ ká yanjú ohun tó wà láàárín wa. Ohun méjì ni mo jẹ ọ́. Àkọ́kọ́ ni kóòtù dúdú tí o gbé wá fún fífọ̀ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, tí o kò padà wá gbà. Mo ti fọ̀ ọ́, mo ti lọ̀ ọ́, òun ló wà nínú páálí tí mo fi lẹ́tà yìí sí. Mi ò gba owó ìfọṣọ, mi ò sì gba owó ìtọ́jú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé o mọ̀ mí, o mọ̀ pé mo ṣírò rẹ̀. Èkejì ni iṣẹ́ tí ọmọ mi rán mi sí ọ kó tó kú, tí mo gbé mì, tí mi ò jẹ́. Màá jẹ́ ẹ kí n tó gbé bírò mi sílẹ̀ lónìí.

Ó wá ku ìkíni. Báwo ni ara rẹ? Ṣé o ń jẹun lásìkò, àbí búrẹ́dì gbígbẹ lo ṣì fi ń ṣe oúnjẹ àárọ̀ àti ọ̀sán bí o ti máa ń ṣe ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi? Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá ọ ní àlàáfíà, kí ojú rẹ má sì tíì bàjẹ́ níbi tí o ti ń wo kọ̀ǹpútà. Èmi náà wà, mo ń mí. Orúnkún ọ̀tún ń dà mí láàmú nítorí ìdúró, àmọ́ ọwọ́ mi ṣì le lórí áyọ́ọ̀nù. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, o mọ̀. Bí o bá rí ibi tí mo ti ṣì í kọ, fojú fò ó.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé rèé. Awakọ̀ kan wà tó máa ń gbé aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Ọkùnrin náà kì í lè jókòó lásán. Bó bá ti ń dúró de aṣọ, á máa gbá géèmù lórí fóònù, á sì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Á ní, "Màmá, ṣé ẹ ń lọ ṣòkòtò mi ni àbí ẹ ń gbàdúrà fún un?" Èmi náà á ní, "Ṣòkòtò tó dọ̀tí tó báyìí, kí ló kù bí kò ṣe àdúrà?" Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, bó ṣe ń gbá géèmù rẹ̀ lọ, mo gbọ́ súfèé láti inú fóònù náà. Kúkúrú méjì, gígùn kan. Jẹ́jẹ́, o mọ̀ pé ọmọ mi ló máa ń súfèé bẹ́ẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì dọ́kítà eyín wà lábẹ́ áyọ́ọ̀nù mi, mo sì gbàgbé ọwọ́ mi síbẹ̀. Láti ọdún mọ́kànlélógún tí mo ti ń fọṣọ fún gbogbo ayé, aṣọ àkọ́kọ́ tí mo jó nìyẹn. Mo san án.

Mo bi awakọ̀ náà pé níbo ni súfèé yẹn ti wá. Ó ní, "Màmá, ẹ fara balẹ̀, ibi ìkọ̀kọ̀ ni. Báyìí ni àwọn tó ń ṣe géèmù ṣe máa ń kí ara wọn. Ẹni tó ń ṣe tuntun á mú nǹkan kékeré láti inú géèmù àtijọ́ kan tó fẹ́ràn, á lọ fi pamọ́ síbi tí ojú ò tó. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á kọjá lọ." Ó ní èyí nìkan ló rú gbogbo wọn lójú. Oṣù márùn-ún ni àwọn tó ń gbá a ti ń bá ara wọn fà á lórí ẹ̀rọ ayélujára, kò sì sẹ́ni tó lè sọ géèmù tí yàrá ìkọ̀kọ̀ náà ti wá.

Mo ní kó fi yàrá náà hàn mí. Ó ní nínú géèmù náà, èyí tí iléeṣẹ́ tí o ń bá ṣiṣẹ́ ṣe, ẹni tó ń gbá a á máa wá ọ̀nà àbájáde nínú hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan. Ní ẹ̀yìnkùlé hòtẹ́ẹ̀lì yẹn, aṣọ wà lórí okùn. Bí èèyàn bá kó gbogbo rẹ̀ láìjẹ́ kí ẹyọ kan jábọ́, súfèé á dún, ògiri á ṣí. Ògiri ṣí, mo sì rí yàrá ẹ̀yìn mi. Mo rí bàsíà aláwọ̀ búlúù tí mo fi ọ̀dà lẹ̀. Mo rí tábìlì tí a fi bíríkì gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kẹrin. Obìnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé apẹ̀rẹ̀ sí ìbàdí, ó ń wo òkè. Òjò ti ṣú dùdù lórí rẹ̀.

Géèmù tí ìwọ àti ọmọ mi ń ṣe nìyẹn, ti obìnrin tó ń sáré kó aṣọ kí òjò tó dé. Ẹ kò tà á rí, ẹ kò tilẹ̀ parí rẹ̀. Ẹni mẹ́ta péré ló mọ̀ ọ́n láyé: ọmọ mi, ìwọ, àti èmi tí ẹ máa ń pè wá wò ó, tí mo máa ń sọ pé obìnrin yẹn lọ́ra jù.

Màá sọ òótọ́ fún ọ: inú bí mi. Mo ní, ọwọ́ mi tẹ̀ ẹ́ wàyí. Mo rántí ẹ̀rọ ìfọṣọ kejì tí mo tà kí n tó lè ra kọ̀ǹpútà fún yín. Mo rántí bí o ṣe dìde lọ gba iṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ńlá, tí o fi ọmọ mi nìkan sílẹ̀ nídìí kọ̀ǹpútà náà. Mo mú ìwé tí mo ń kọ aṣọ oníbàárà sí, mo ní kí awakọ̀ máa rìn díẹ̀díẹ̀ nínú yàrá náà, mo ń kọ ohun tí o jí níkọ̀ọ̀kan. Mo kọ ohun mẹ́rìndínlógún. Mo ti ń rò ó lọ́kàn iye tí agbẹjọ́rò máa gbà.

Ó wá kan àwọn ṣẹ́ẹ̀tì tí o fi kọ́ sára igi ìkọ́ṣọ. Mo ní, "Yí ọrùn ìyẹn síta." Awakọ̀ ní, "Màmá, kí ló fẹ́ wà nínú ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì?" Mo ní, "Ṣé ìwọ ni alágbàfọ̀ ni àbí èmi?" Ó yí i. Òwú pupa ló wà níbẹ̀, nọ́ńbà méjìlá. Ó yí èkejì, nọ́ńbà méjìlá. Gbogbo wọn pátá. Ọkùnrin náà fò sókè bí ẹni tí ejò ṣán, ó ní ẹnikẹ́ni kò tíì rí i rí, láti oṣù márùn-ún.

Ta ni ì bá rí i? Ẹni tí kò fọṣọ rí kò lè mọ̀ pé inú ọrùn ni à ń rán nọ́ńbà sí, pé a kì í rán an kí ará ọ̀nà lè rí i, pé torí kí aṣọ lè mọ ọ̀nà ilé ẹni tó ni ín ni. Méjìlá ni nọ́ńbà tí mo ń rán sí aṣọ ilé wa, òun lo rí lọ́rùn aṣọ ọmọ mi ní gbogbo ìgbà tí ẹ fi jọ jókòó. Mo ti mú òṣìṣẹ́ méjì tó jí aṣọ lọ́dọ̀ mi rí. Òwú pupa yẹn ni àwọn méjèèjì kọ́kọ́ tú, ojú abẹ́rẹ́ tó ṣẹ́ kù ni mo fi mú wọn. Ìwọ kò tú òwú. Ìwọ lo jókòó rán an. Mo wá orúkọ rẹ káàkiri yàrá náà, mi ò rí i. Háńgà kan ṣoṣo ni mo rí tó ṣófo, nọ́ńbà mẹ́tàdínláàádọ́ta wà lára rẹ̀, èyí tó wà lórí rìsíìtì tí mo fún ọ. Mo gbójú sókè wo igi tèmi nínú ṣọ́ọ̀bù. Kóòtù rẹ wà lórí mẹ́tàdínláàádọ́ta, níbi tó ti wà láti ọdún mẹ́ta.

Mo fagi lé gbogbo ohun mẹ́rìndínlógún yẹn.

Awakọ̀ ṣì ń ṣàròyé. Ó ní àwọn kan ti jókòó nínú yàrá náà fún wákàtí mẹ́fà, wọ́n ń dúró de òjò, òjò kò rọ̀. Ó ní wọ́n ti ń kọ̀wé sí iléeṣẹ́ yín pé àṣìṣe ni, kí ẹ tún un ṣe. Mo fún un ní ṣòkòtò rẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo jókòó.

Wàyí o, jẹ́ kí n san gbèsè kejì. Ọjọ́ tí o gbé kóòtù wá, mo mọ̀ pé kóòtù náà kò dọ̀tí. O ń wá ohun tí wàá fi wọlé ni, nítorí o ti gbọ́ pé ara ọ̀rẹ́ rẹ kò yá. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo ní ó ń sùn. Kò sùn. Mo pè ọ́ lólè lójú oníbàárà méjì, bí ẹni pé o jí ohun ọmọ mi lọ sí iléeṣẹ́ ńlá yẹn. Mo gba kóòtù, mo lé ẹni tó ni ín. Nígbà tí mo wọlé, ó bi mí pé, "Màmá, ta ni yẹn?" Mo ní, "Oníbàárà ni." Ọmọ mi kò pè ọ́ lólè rí, Jẹ́jẹ́. Èmi ni. Mo ń wá ẹni tí màá bínú sí, àìsàn kò sì ní ojú tí mo lè wò bínú.

Ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn náà, láàárọ̀, ní ọsibítù, ó dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ní, "Màmá, ẹ sọ fún Jẹ́jẹ́ pé obìnrin yẹn ò tíì kó aṣọ ẹ̀ tán. Kó má jẹ́ kí òjò pa á." Mo ní mo ti gbọ́. Ó ní, "Ṣé ẹ máa sọ fún un?" Mo ní màá sọ. Ọjọ́ kejì ló lọ.

Iṣẹ́ náà nìyẹn, mo ti jẹ́ ẹ. Mo pẹ́. Ṣùgbọ́n ìwọ tí ẹnì kankan kò sọ fún, o ti dá òjò dúró lórí obìnrin yẹn. Dárí jì mí.

Ó ku aṣọ tí kò tíì kó tán. Kọ̀ǹpútà yẹn ṣì wà lórí tábìlì oníbíríkì, mo fi aṣọ funfun bò ó. Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ó ń béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà kan kó tó ṣí, pé bí òun bá fipá ṣí i, ohun inú rẹ̀ lè parẹ́. Onílé sì ti ta ilé. Ní ìparí oṣù yìí ni màá kó lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí kò ní yàrá ẹ̀yìn. Ìwọ nìkan ló kù tó mọ ọ̀rọ̀ náà. Wá ṣí i kí n tó kó, kí o gbé e lọ, kí o parí rẹ̀. Bó bá mú owó wá, ìdajì tìrẹ, ìdajì tèmi, kí orúkọ ẹ̀yin méjèèjì wà lára rẹ̀. Mo sọ ọ́ báyìí kí a má baà tún jà. Bí ọkàn rẹ kò bá sì gbà láti rí mi, kọ ọ̀rọ̀ yẹn sínú ìwé, fi ránṣẹ́. Mi ò ní bínú.

Kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ máa dàgbà. Kí ẹni tí o bá ṣí ilẹ̀kùn fún má ti tirẹ̀ mọ́ ọ lójú. Kí o pẹ́ láyé ju ọ̀rẹ́ rẹ lọ dáadáa, kí o sì rí ẹni tí yóò máa rántí ìwọ náà.

Èmi ni,
Ìyá ọ̀rẹ́ rẹ, alágbàfọ̀.

Àfikún: Mo pààrọ̀ bọ́tìnnì kejì tó ti já. Kí o tó wọ kóòtù náà, yí ọrùn rẹ̀ síta. Mi ò tú mẹ́tàdínláàádọ́ta. Méjìlá ni mo rán tẹ̀ lé e. Mo ń retí èsì rẹ ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù yìí.