Omi Apakòkòrò Tí Wọ́n Fi Nu Ikùn Rẹ

Èyítọ́pẹ́ ọmọ mi,

Ṣé o jí dáadáa? Ṣé ara ti ń mókun? Àwọn ará ilé yín ní Iyaro, ní ìlú Bìní, ńkọ́? Ọlọ́run tó dá ẹ̀mí rẹ padà fún wa kò ní gbà á mọ́ o. Àwa náà wà, àmọ́ oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun ìyá rẹ mọ́. Bó bá gbálẹ̀ tán, á tún padà gbá ibi tó ti gbá.

Lọ́jọ́ tí Olúmidé ọkọ rẹ pè pé wọn ò tíì yọ kókó inú ilé ọmọ rẹ, pé bí wọ́n ṣe fún ọ ní oògùn oorun, tí wọ́n nu ikùn rẹ tán, ni ojú rẹ wú, tí èémí há, tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ já lulẹ̀, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo jókòó sí. Ó ní Dókítà Comfort tó ń kun èèyàn lóorun ló pariwo pé kí wọ́n dáwọ́ dúró, tó gún ọ lábẹ́rẹ́ léraléra títí o fi mí. Ó ní alẹ́jì ló fà á. Mo bi í pé ọmọ ta ni Alẹ́jì, ṣé ọmọ Bìní ni àbí àlejò bíi yín, ká lè rán àwọn àgbà ẹgbẹ́ Yorùbá lọ bẹ̀ ẹ́. Ó wá ní kì í ṣe èèyàn, pé ara rẹ ló kọ omi apakòkòrò tí wọ́n fi nu ọ́, àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe sí ọ lápá ló fi hàn.

Omi tó ń pa kòkòrò! Ṣé wọ́n pe ọmọ mi ní kòkòrò ni? Ìyá rẹ ti da èyí tí a fi ń fọ egbò nù sẹ́yìn ilé, ó sì ń ṣọ́ koríko ibẹ̀ bóyá yóò kú.

Wọ́n ní omi mìíràn ni wọ́n máa lò lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí wọ́n fẹ́ ṣe é padà. Olúmidé ní kí n fọkàn balẹ̀, pé wọ́n ti kọ omi tí ara rẹ kọ̀ sínú kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn. Ṣé kọ̀ǹpútà ọ̀hún kì í sùn bí iná bá lọ? Ọmọ mi, bí o bá ti sùn, ẹnu rẹ ò ní lè jà fún ọ. Fi bírò kọ ọ́ gàdàgbà sí ikùn pé ẹ má fi omi ọjọ́sí kàn mí o. Àmọ́ kọ́kọ́ bi Dókítà Comfort bóyá bírò àti omi náà kò bára tan.

Owó mọ́tò la fẹ́ kí o fi ránṣẹ́ kíákíá, kí ìyá rẹ lè wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ náà. N kò bèèrè owó ajílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

Wàá sùn, wàá jí. Ọwọ́ tó bá kàn ọ́, ọwọ́ ìwòsàn ni. Bí o bá lajú, má jẹ́ kí Olúmidé bá ọ pè mí. Ìwọ ni kó o pè, kódà kó jẹ́ “Bàbá” nìkan lo lè sọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Títíloyè