Ẹni Tó Kọ́ Ará Ẹnu Géètì Níṣẹ́: Ìgbésí Ayé Màmá Tẹjúmọ́lá Ṣótúndé (1961–2025)

A bí Màmá Tẹjúmọ́lá Ṣótúndé ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1961, ní Ìjù lẹ́bàá Ọ̀tà, sínú ẹbí Adéfẹ́mi. Bàbá wọn, Olóògbé Seth Adéfẹ́mi, ni gbogbo Ìjù máa ń gbé kẹ̀kẹ́ lọ bá nígbà tó bá bàjẹ́. Ìyá wọn, Olóògbé Àlàrí, jẹ́ ọmọ Adó-Odò, àgbẹ̀ tí kì í gba ìrẹ́jẹ. Àwọn àgbà ẹbí máa ń sọ pé ọwọ́ bàbá ni Màmá fi ń ṣiṣẹ́, ẹnu ìyá ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ka ìwé yìí dé òpin yóò gbà pé òótọ́ ni.

Láti ọdún 1967 sí 1973, Màmá ka ìwé mẹ́fà ní Ìjù. Wọ́n wọ ilé-ìwé girama, ṣùgbọ́n ní ọdún 1975 àìsàn dá bàbá wọn dùbúlẹ̀, ìwé sì dúró. Àwọn ni wọ́n jókòó sí ìsọ̀ kẹ̀kẹ́ dípò bàbá, tí wọ́n ń lẹ táyà, tí wọ́n ń to ṣéènì. Wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe àwọn ní ẹni tí kò kàwé. Wọ́n ní àwọn kàwé dáadáa, kíláàsì àwọn ló yàtọ̀.

Ní ọdún 1983, wọ́n ṣègbéyàwó pẹ̀lú Olóògbé Jabez Ṣótúndé, káfíńtà ní Oju Ore. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ. Bàbá Ṣótúndé re ibi àgbà ń rè ní ọdún 2009. Nígbà tí àwọn kan ń gba Màmá níyànjú pé kí wọ́n fẹ́ ọkọ mìíràn, wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń dààmú àwọn níbi iṣẹ́ ti tó.

Ní ọdún 1985, Màmá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gbálẹ̀gbálẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ bísíkíìtì kan ní Sango. Kásúà ni wọ́n, òṣìṣẹ́ ojúmọ́ tí kò ní lẹ́tà. Ẹni tó bá mọ Sango mọ bó ṣe rí. Láàárọ̀ kùtù, èrò á pé sẹ́nu géètì, súpáfáísọ̀ á jáde, á máa nawọ́: "Ìwọ, ìwọ, ìwọ yẹn." Ẹni tí ọwọ́ kò bá kàn á padà sílé. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni Màmá fi dúró lẹ́nu géètì yẹn.

Abẹ́ ẹ̀rọ tó ń di bísíkíìtì sínú ọ̀rá ni wọ́n máa ń gbá. Lọ́jọ́ kan ní ọdún 1988, wọ́n sọ fún Bàbá Láwàlì, àgbà mẹkáníìkì ilé-iṣẹ́ náà, ọmọ Ọ̀tà gan-an, pé ẹ̀rọ ń húkọ́. Bàbá Láwàlì rẹ́rìn-ín. Kó tó di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, ẹ̀rọ kú. Bàbá Láwàlì ní ọ̀pá irin gbọọrọ kan tí wọ́n máa ń gbé ti ara ẹ̀rọ, tí wọ́n á fi etí sí ìdí rẹ̀ láti gbọ́ ohun tó ń ṣe é nínú. Ọ̀pá yìí ni wọ́n fi lé gbálẹ̀gbálẹ̀ lọ́wọ́. "Ìyá Oyè, gbé e sétí. Kí lo gbọ́?" Ibi tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ títí, Bàbá Láwàlì sì dá wọn lóhùn pé etí kò ní akọ, kò ní abo.

Lẹ́tà òṣìṣẹ́ gidi tẹ Màmá lọ́wọ́ ní ọdún 1994. Nígbà tí Bàbá Láwàlì fẹ̀yìntì ní ọdún 1996, ọ̀pá irin náà di tiwọn, ipò olórí mẹkáníìkì sì di tiwọn pẹ̀lú.

Ní ọdún 2016, ọ̀gá tuntun kan dé, ó ní ẹni tí kò ní ìwé-ẹ̀rí kò lè ṣe olórí mẹkáníìkì. Màmá kò bá a jà. Ní ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta, wọ́n lọ forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́, wọ́n sì jókòó láàárín àwọn tí wọ́n lè bí lọ́mọ. Àwọn olùdánwò ti mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan méjì jẹ́ lára ẹ̀rọ kan. Màmá gbé ọ̀pá sétí, wọ́n ní mẹ́ta ló bàjẹ́. Nígbà tí wọ́n tú u, ẹ̀kẹta wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àwọn olùdánwò ni kò mọ̀. Ìwé-ẹ̀rí náà wà lára ògiri pálọ̀ di òní, ẹni tó bá ń ṣiyèméjì lè lọ wò ó.

Onígbàgbọ́ tòótọ́ ni Màmá, wọn kì í pa ìsìn jẹ. Ìlà ẹ̀yìn, lẹ́bàá jẹnẹrétọ̀, ni wọ́n máa ń jókòó sí. Bí wọ́n bá dìde láàárín ìwàásù, Pásítọ̀ á rọra dúró, nítorí iná fẹ́ lọ nìyẹn. Ní àdúgbò, kò sí ẹ̀rọ ìlọta kan ní Oju Ore tí wọn kò tí ì fọwọ́ kàn. Wọ́n máa ń pe ọmọ oníṣọ́ọ̀bù jókòó tì wọ́n bí wọ́n bá ń tún un ṣe, kó lè mọ̀ ọ́n ṣe fúnra rẹ̀ nígbà mìíràn.

Nígbà tí Màmá pé ọgọ́ta ọdún ní 2021, ó yẹ kí wọ́n lọ sinmi, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dúró. Àwọn mẹkáníìkì tí ọjọ́ orí wọn kéré ti lọ tán, àwọn kan sí Kánádà, àwọn mìíràn sí Jámánì. Oyèwùmí, àkọ́bí Màmá, oníṣẹ́ iná mànàmáná, wà lára àwọn tó lọ.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, àwọn agbanisíṣẹ́ agbègbè Ọ̀tà ṣèpàdé ní gbọ̀ngàn kan ní Sango. Ọ̀gbẹ́ni Akínwándé, tó jẹ́ ọ̀gá ilé-iṣẹ́ bísíkíìtì nígbà náà, mú Màmá dání. Ohun kan náà ni oníkálukú ń sọ: kò sí òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ mọ́ ní gbogbo Ọ̀tà, ẹni téèyàn bá sì kọ́, ilé-iṣẹ́ òdìkejì títì á já a gbà. Màmá gbọ́ ọ títí, wọ́n nawọ́ sókè.

"Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ má bínú. Ẹnu géètì wo lẹ gbà jáde láàárọ̀? Ṣé ẹ ò rí àwọn tó dúró síbẹ̀ ni? Ọdún mẹ́sàn-án lèmi fi dúró síbẹ̀. Ká ní Bàbá Láwàlì ò bi mí léèrè ohun tí mo gbọ́ ni, ẹ̀ bá máa sọ lónìí pé ẹni bí èmi ò sí."

Ọ̀gá kan fèsì pé, "Màmá, tá a bá kọ́ wọn, wọ́n á jápa. Ṣebí ọmọ tiyín náà wà ní Kánádà?"

"Ó wà níbẹ̀. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́. Ìdí tí mo fi fẹ́ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nìyẹn."

Lọ́jọ́ kejì, ilé-iṣẹ́ fún Màmá ní kúérì, ìwé pé kí wọ́n ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn ọ̀gá. Èsì wọn kò ju gbólóhùn méjì lọ: kí ilé-iṣẹ́ fún àwọn ní ènìyàn mẹ́fà láti ẹnu géètì, pẹ̀lú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ tó pé, bí kò bá ṣeé ṣe, àwọn ti tó ẹni tí í lọ sinmi. Dípò lẹ́tà, kámẹ́rà ni ilé-iṣẹ́ gbé dé. Wọ́n fẹ́ ká iṣẹ́ Màmá sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni lè kọ́ ọ lórí fóònù. Màmá ní, "Etí ni mo fi ń ṣe é. Kámẹ́rà yín ò létí." Wọ́n gbé ọ̀pá irin wọn, wọ́n lọ sílé.

Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni wọ́n lò nílé. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ẹ̀rọ dúró. Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún, Ọ̀gbẹ́ni Akínwándé fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sí Oju Ore pẹ̀lú lẹ́tà mẹ́fà. Màmá wọ awò ojú, wọ́n kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà àwọn ọkùnrin mẹ́rin pé. Ti àwọn obìnrin méjì jẹ́ ti oṣù mẹ́ta péré. Wọ́n dá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà padà. "Ọ̀gá mi, ẹ mu omi tútù. Ẹ padà wá lọ́la." Lọ́jọ́ kejì, ó padà wá, gbogbo rẹ̀ sì pé. Àwọn kan ń sọ ọ́ kiri báyìí pé ilé-iṣẹ́ ló ronú kan ètò náà. Kí wọ́n máa sọ ọ́. Kúérì àti èsì rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹbí.

Rauf, tó ti fi ọdún márùn-ún ru àpò ìyẹ̀fun, wà lára àwọn mẹ́fà náà. Àìṣát, tó ń gbá abẹ́ ẹ̀rọ kan náà tí Màmá gbá, wà lára wọn pẹ̀lú. Màmá kọ́ wọn bí Bàbá Láwàlì ṣe kọ́ àwọn náà, láìfi nǹkan kan pa mọ́. Nígbà tí àìsàn ọkàn mú Màmá ní ọdún yìí, wọ́n pe Àìṣát wá sílé ní oṣù keje, wọ́n sì fa ọ̀pá irin náà lé e lọ́wọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Túsìdeè, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, Màmá dákẹ́, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Ó dun ẹbí wọ inú eegun.

Àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ ni àbúrò wọn, Cornelius Adéfẹ́mi, àwọn ọmọ wọn, Oyèwùmí, Ọpẹ́mipọ̀ àti Àdúràolúwa, ọmọ-ọmọ méje, àti àwọn ọmọ mẹ́fà láti ẹnu géètì. Àwọn kan béèrè bóyá ó yẹ kí á ka àwọn mẹ́fà yìí mọ́ ọmọ. Ó yẹ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ilé-iṣẹ́ kọ̀wé bá ẹbí kẹ́dùn. Nísàlẹ̀ ìwé náà, ó bẹ̀bẹ̀ pé kí mẹ́ta nínú àwọn mẹ́fà wá síbi iṣẹ́ lónìí, ọjọ́ ìsìnkú, nítorí àwọn ọmọ ti wọlé sílé-ìwé, bísíkíìtì ń tà, kò sì sí ẹlòmíràn tó lè dúró ti ẹ̀rọ. Èsì ẹbí rèé, kí gbogbo ayé gbọ́. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló ń gbé pósí Màmá. Láago mẹ́fà àárọ̀ Mọ́ńdè, wọn yóò wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí ilé-iṣẹ́ bá ń wá ẹ̀keje kó tó dìgbà náà, ó wà lẹ́nu géètì.

Tẹjúmọ́lá, ọmọ Adéfẹ́mi, Ìyá Oyè, ẹ̀rọ dákẹ́ lónìí nítorí yín. Ẹ fi etí sinmi. Oorun ire o, Màmá.