Àwo Ummu Yúsúf Tí Mo Dá Padà Lófìfo

Màámi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú àìrí ara wa, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá. Mo kúnlẹ̀ kí Bàbá. Mo kí Ìyá Àgbà, ṣé orúnkún wọn ti ń gbádùn? Mo kí Ìyá Kékeré àti gbogbo ọmọ agbo ilé. Múfú àbúrò mi, ìwọ ni mo kí gbẹ̀yìn. Kì í ṣe torí pé o kéré, ojú rẹ ló ń tì mí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá lẹ́tà yìí kà ní yàrá. Ẹ pe gbogbo ará ilé jọ, kí Múfú jókòó sí àárín wọn, kí ẹni tó mọ̀wé kà á sókè. Ẹ máa tó mọ ìdí rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ìwé mi ò jìnnà, torí náà bí ọ̀rọ̀ mi bá ń ta kókó, ẹ bá mi tú u.

Ara mi le. Ooru Jeddah ò yí padà. Afẹ́fẹ́ òkun ibí kì í tutù, ó dà bí ìgbà tí èèyàn ṣí ìkòkò tó ń hó sí ara rẹ̀ lójú. Omi ẹ̀rọ amúlétutù ń kán sílẹ̀ káàkiri Sharafiyah, àdúgbò tá à ń gbé, àlejò á rò pé òjò ń rọ̀. Àǹtí Bùsírá, àbúrò yín, ń kí yín. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kì í jẹ́ kí wọ́n wà nílé, èmi ni mo ń tọ́jú ọmọ wọn méjèèjì. Tí mo bá bá àwọn ọmọ náà sọ Yorùbá, Lárúbáwá ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé láti àárọ̀, ẹnu ara mi nìkan ni mo ti ń gbọ́ Yorùbá. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ mo máa ń kọ nǹkan sínú ìwé kan tí mo fi pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú rẹ̀ tipẹ́. Ẹ má wá owó nínú lẹ́tà yìí o, Àǹtí ti fi tiwọn ránṣẹ́.

Ilé alájà mẹ́ta là ń gbé, àwa la wà láàárín. Obìnrin ará Tọ́kì kan ń gbé ìsàlẹ̀, Ummu Yúsúf là ń pè wọ́n, ìyẹn ni ìyá Yúsúfù. Òkè ni Madam Eléni ń gbé, ará ilẹ̀ Gíríìkì, ẹnjiníà ni ọkọ wọn ní èbúté. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, ọ̀rẹ́ ni àwọn méjèèjì. Wọ́n á se kọfí nínú ìkòkò kékeré kan, Ummu Yúsúf á ní kọfí Tọ́kì rèé, Madam Eléni á ní irọ́ ni, kọfí Gíríìkì ni, ẹ̀yin lẹ jí i. Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Madam Eléni sọ fún mi pé inú ilẹ̀ Tọ́kì ni wọ́n ti lé àwọn òbí àgbà wọn. Ummu Yúsúf náà ní erékùṣù Gíríìkì kan ni wọ́n ti lé tiwọn. Mo ní nínú ara mi pé, àbí pàṣípààrọ̀ ni wọ́n fi àwọn èèyàn yìí ṣe ni?

Ohun kan wà tí àwọn méjèèjì kì í ṣe. Bí ọ̀kan bá fi àwo gbé oúnjẹ fún ìkejì, àwo yẹn ò ní padà lófìfo láéláé. Bó ṣe ọsàn méjì, wọ́n á fi sí i.

Nígbà tó yá, tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ìjọba Tọ́kì àti ìjọba Gíríìkì ń jà lórí òkun, lórí erékùṣù, lórí gáàsì tó wà lábẹ́ omi. Àwọn mínísítà ń sọ òkò ọ̀rọ̀ síra wọn lójú gbogbo ayé. Àwọn ọkọ méjèèjì bá pàdé lórí àtẹ̀gùn. Ará Gíríìkì ní ẹ fẹ́ gba òkun wa. Ará Tọ́kì ní òkun ta ni, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fi erékùṣù sé wa mọ́lé. Láti ọjọ́ náà, àwọn ìyàwó ò kí ara wọn mọ́. Àwo Ummu Yúsúf kan, funfun, etí rẹ̀ búlúù, há sókè. Madam Eléni ò lè dá a padà lófìfo, ọkàn wọn ò sì gbà láti fi nǹkan sí i.

Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ mì tìtì ní Tọ́kì. Ilé wó lu èèyàn. Ẹ̀gbọ́n Ummu Yúsúf wà lábẹ́ àwókù, àwa gbọ́ igbe Ummu Yúsúf láti ìsàlẹ̀. Ọlọ́run ṣe é, wọ́n yọ ọkùnrin náà láàyè. A rí i lórí tẹlifíṣọ̀n pé àwọn ará Gíríìkì wà lára àwọn tó lọ ń wú èèyàn jáde níbẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, Madam Eléni pè mí sókè. Ojú wọn pọ́n. Wọ́n ti ṣe ìpápánu kan, pẹlẹbẹ lórí pẹlẹbẹ, oyin àti ẹ̀pà òyìnbó láàárín, wọ́n tò ó kún àwo etí búlúù náà. Wọ́n ní kí n gbé e fún Ummu Yúsúf, kí n ní àwọn bá wọn dúpẹ́ orí ẹ̀gbọ́n wọn. Wọ́n ní ojú ń ti àwọn láti wá fúnra àwọn.

Màámi, mi ò gbé e dé ìsàlẹ̀.

Àǹtí ti pè mí ní ọ̀lẹ láàárọ̀ yẹn, mo ti ń fajúro. Mo ní nínú gbogbo ilé yìí, ta ló ń gbé nǹkan wá fún èmi? Mo yà sínú ilé wa. Mo jẹ ẹyọ kan, mo tún ìyókù tò kó má hàn. Mo jẹ ìkejì, mo tún tò ó. Nígbà tó yá, kò sí ohun tí mo lè tò mọ́.

Ẹ̀rù bà mí. Mo fọ àwo náà tónítóní bí ẹ ṣe kọ́ wa nílé, mo fi aṣọ nù ún. Mo purọ́ fún ara mi pé àwo tó mọ́ náà ti tó ọpẹ́. Mo gbé e fún Ummu Yúsúf, mo ní Madam Eléni ní kí n dá àwo yín padà. Wọ́n yí i wò níwájú, wọ́n yí i wò lẹ́yìn, bí ẹni ń wá ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí i. Wọ́n ní ó dáa. Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí Madam Eléni bi mí pé kí ni Ummu Yúsúf sọ, mo ní wọ́n kàn ní ó dáa ni. Òótọ́ ni mo sọ, òótọ́ ọ̀hún ló sì wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Oṣù ń gorí oṣù. Lọ́jọ́ kan, àwọn olórí orílẹ̀-èdè méjèèjì bọ ara wọn lọ́wọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń fọwọ́ sí ìwé. Àǹtí ní ẹ ò rí nǹkan, àwọn tó ni ìjà ti parí rẹ̀, àtẹ̀gùn tiwa ló ṣì ń béèrè físà. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi dìde, mo lọ fọ abọ́.

Àǹtí mú mi lọ ṣe úmúrà ní Mẹ́kà. Mo dúró níwájú Káábà, gbogbo ayé ń sunkún tọrọ nǹkan, àwo etí búlúù yẹn ni èmi ń rí. Nígbà tá a parí, a yà kí Bọ̀dá Múrí, ọmọ àdúgbò wa tó ń kọ́ òfin ẹ̀sìn, ní Rusaifah, ní Mẹ́kà níbẹ̀. Mo ní ọ̀rẹ́ mi kan ló jẹ nǹkan oníǹkan, kí ló máa ṣe? Bọ̀dá wò mí títí. Wọ́n ní kí n sọ fún ọ̀rẹ́ mi náà pé ẹ̀ṣẹ̀ tó wà láàárín òun àti ọmọ èèyàn, kó kọ́kọ́ lọ bẹ ọmọ èèyàn ọ̀hún. Wọ́n ní kí n kí ọ̀rẹ́ mi o, kí n sì sọ fún un pé kó nu ojú rẹ̀.

Bá a ṣe dé Jeddah, páálí ti kún ẹnu ọ̀nà Ummu Yúsúf. Iṣẹ́ ọkọ wọn ti parí, wọ́n ń padà sí Tọ́kì. Mo gòkè lọ bá Madam Eléni kí àyà mi tó tún já, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Wọn ò pariwo. Wọ́n bi mí pé ṣé ó dùn? Mo ní ó dùn. Wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú, wọ́n fà mí kọjá ẹnu ọ̀nà wa lọ sí ìsàlẹ̀, wọ́n ní kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́.

Mo kúnlẹ̀ níwájú Ummu Yúsúf. Wọ́n ní kí n dìde, Ọlọ́run nìkan là ń kúnlẹ̀ fún. Mo ní bí a ṣe ń bẹ̀bẹ̀ nílé wa nìyí, mi ò dìde títí mo fi sọ ọ́ tán. Ummu Yúsúf jókòó lórí páálí kan. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n àwọn tí wọ́n wú jáde ń yin àwọn ará Gíríìkì lórí fóònù, àwọn sì dá a lóhùn pé kó yéé yìn wọ́n, pé obìnrin wọn kan fi àwo òfìfo bá àwọn kẹ́dùn. Madam Eléni bú sẹ́kún. Ummu Yúsúf dìde, wọ́n tú páálí kan, wọ́n yọ àwo etí búlúù náà nínú bébà, wọ́n gbé e lé Madam Eléni lọ́wọ́. Wọ́n ní ó yá, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé kò gbọ́dọ̀ padà lófìfo, ẹ gbé e wá bá mi ní Tọ́kì. Madam Eléni ní tí àwọn bá dé, kọfí Gíríìkì ni kí wọ́n sè fún àwọn. Àwọn méjèèjì ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Èmi ńkọ́? Ummu Yúsúf ní kí Ọlọ́run dárí jì mí. Wọn ò sọ pé àwọn ti dárí jì mí. Wọ́n ti lọ báyìí, ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà lọ́rùn mi.

Múfú, o ti mọ ibi tí mò ń lọ. Màámi, ẹ rántí ẹran Iléyá tí ẹ ní kí èmi àti Múfú gbé fún Àlàájà ẹ̀gbẹ́ mọ́sáláṣí. Egungun ló dé ọ̀hún. Àlàájà ránṣẹ́ padà pé ṣé ajá ni ẹ fi àwọn pè, ojú tì yín. Mo ní Múfú ni. Òróró wà lọ́wọ́ rẹ̀ torí pé òun ló gbé àwo. Tèmi mọ́ torí pé mo ti lá a. Bàbá nà án, mo dúró, mò ń wò. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ilé ti ń pè é ní Ológbò, títí dé ilé kéwú.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Èmi ni ológbò náà. Màámi, ní Iléyá tó ń bọ̀, ẹ bá mi bu ẹran kún àwo kan, ojúlówó ẹran, kí ẹ gbé e síwájú Múfú kí ẹnikẹ́ni tó jẹun. Múfú, má dá àwo náà padà. Tí mo bá dé, èmi ni màá wá gbà á lọ́wọ́ rẹ, lórí ìkúnlẹ̀.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa. Á fún Bàbá ní àlàáfíà, á fi àánú bo ilé wa. Ẹ bá mi kí tilé tọ̀nà, ẹ sì bá mi bẹ Àlàájà.

Èmi ni ọmọ yín tó jẹ ẹran náà,
Sìdíkátù.