Má Wọ Dúdú Wá Síbi Ìrántí Paraska

Ojúlé Kẹtàlélógún,
Òpópónà Etídò,
Saskatoon, Saskatchewan,
Kánádà.
Ọjọ́ Kejìlélógún, Oṣù Kẹfà, 1994.

Orest, àna mi ọ̀wọ́n,

Paraska, ẹ̀gbọ́n rẹ, ìyàwó mi, kú ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Keje ọdún tó kọjá. Ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní kí Halya ọmọ mi kọ ọ́ sókè kó lè jẹ́ òun ni ojú rẹ máa kọ́kọ́ bà. Aṣọ ọ̀fọ̀ ló pa á. Oòrùn kàn bá a parí iṣẹ́ ni.

Báwo ni ara? Lida ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún rẹ̀ ti ń gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì? Àwọn ọmọ ńkọ́? Òjò etí òkun yín ńkọ́, ṣé ó ṣì ń rọ̀ bí ẹni tí wọ́n bẹ̀ níṣẹ́? Níbí, a ò rí ẹ̀kán òjò láti ìgbà tí a ti gbin àlùbọ́sà. Ara tèmi le. Mò ń jẹun, mò ń sùn, mò ń bínú. Halya tó ń bá mi kọ̀wé ní kí n má sọ pé mò ń bínú. Mo ní kó kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ tó o sọ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú ló fa lẹ́tà yìí. Halya bi ọ́ pé kí lo máa wọ̀ wá síbi àdúrà ọdún kan Paraska. O ní, "Kí ni mo tún fẹ́ wọ̀? Kóòtù dúdú mi, èyí tó nípọn yẹn. Ṣé ìgbéyàwó ni mò ń bọ̀ ni?" Halya ní, "Bọ̀ọ̀dá Orest, oòrùn ibí kì í ṣe tiyín o." O ní, "Sọ fún bàbá ẹ pé èmi kì í ṣe òdòdó, mi ò ní rọ."

O rọ lọ́dún tó kọjá. Lọ́jọ́ ìsìnkú, o dúró sójú oòrùn lọ́sàn-án gangan nínú kóòtù dúdú kan náà, o ṣí fìlà kúrò lórí bí àwọn ọkùnrin wa ṣe máa ń ṣe tí àlùfáà bá ń gbàdúrà lójú oórì. Kò sí igi kan níbẹ̀ tó ga ju orúnkún mi lọ. Wọn ò tíì kọ orin ìkẹyìn tán tó o fi ṣubú gbì. Nígbà tí ojú rẹ là, o ní ta ló tì ọ́. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo ti bá ẹnì kan nílẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, mi ò fẹ́ ẹnì kejì.

O mọ bí ti Paraska ṣe rí. Nígbà tí Yurko ẹ̀gbọ́n yín kú ní àsìkò tí yìnyín ń yọ́, Paraska ní òun á fi ọdún kan gbáko wọ dúdú, bí ìyá yín ṣe kọ́ ọ. Síkẹ́ẹ̀tì onírun àgùntàn, ìborí, ìbọ̀sẹ̀, dúdú ni gbogbo rẹ̀. Oṣù Keje dé, kò bọ́ ọ. Mo ní, "Paraska, wọ funfun lọ sínú ọgbà, Yurko ò ní mọ̀." Ó ní, "Àwọn ará àdúgbò á mọ̀. Panu mọ́ jàre, arúgbó yìí, lọ bomi rin tòmátò." Ó gbé abọ́, ó lọ ká èso. Abọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí nílẹ̀.

Nítorí náà, èmi àti dúdú ti parí. Gbọ́ bó o ṣe máa múra. Ẹ̀yin ará etí òkun, tí ẹ bá ti rí oòrùn, ẹ ó bọ́ra sílẹ̀ bí ọmọ tó fẹ́ wẹ̀. Níbí, bíbò là ń bora. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó fẹ́lẹ́, kí apá rẹ̀ gùn dé ọrùn ọwọ́, kó fẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè gba inú rẹ̀ kọjá. Má wọ aṣọ ọ̀rá. Ṣòkòtò tó tú, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí iyanrìn. Bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀, torí koríko ibi ìsìnkú ń gún ni. Akẹtẹ̀ tó fẹ̀, tó sì ní okùn lábẹ́ àgbọ̀n. Tí kò bá ní okùn, afẹ́fẹ́ orí afárá tí a máa gbà lọ síbi ìsìnkú á gbà á lọ fún odò. Má sì retí òógùn kó o tó mọ̀ pé ò ń gbẹ, afẹ́fẹ́ ti ń lá a kó tó yọ. Omi ni kó o máa mu. Mú súẹ́tà kan dání pẹ̀lú, torí tí oòrùn bá wọ̀, òtútù á dé, ẹ̀fọn á tẹ̀ lé e.

Mo ti lọ bá Fáda Myron. Mo ní fìlà ò ní kúrò lórí ọkùnrin kankan lójú oórì ìyàwó mi. Ó ní, "Bàbá Metro, láti ayé àwọn baba yín ni wọ́n ti ń ṣí fìlà fún Ọlọ́run." Mo ní, "Ọlọ́run yẹn náà ló dá oòrùn, ó mọ bó ṣe gbóná tó." Ó wá ní kí wọ́n dé fìlà wọn, pé òun á tún gé orin kúrú. Mo ní kó má gé orin. Paraska fẹ́ràn orin yẹn. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ń sọ pé orí mi ti dàrú. Kí wọ́n máa sọ.

Ó ku ohun kan. Paraska ń rán ṣẹ́ẹ̀tì kan fún ọ lọ́wọ́ nígbà náà, aṣọ ọ̀gbọ̀ funfun, ó fi òwú pupa ṣe ọnà sí i lọ́rùn. Òun nìkan ni ohun tí kì í ṣe dúdú tí mo rí lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún yẹn. Ó ku apá òsì. Halya ti parí rẹ̀. Kò gún tó ti ìyá rẹ̀. Ó ní ó gún. Kò gún. Wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Bá mi kí Lida àtàwọn ọmọ. Àlìkámà olóyin á wà nílẹ̀, ìrẹsì tí a fi ewé kábéèjì dì náà á wà.

Mo ti sọ tèmi. Halya, àkọ́bí mi, ló ń bọ̀ wá pàdé rẹ ní pápákọ̀ òfuurufú, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì àti akẹtẹ̀ lọ́wọ́. Tó o bá fi dúdú sọ̀kalẹ̀, má wá mi. Ọwọ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí wà láti òní lọ. Tó bá ní kó o padà sínú bàálù, padà. Ó lórí kunkun bí ìyá rẹ̀, àmọ́ funfun lòun ń wọ̀.

Èmi ni ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ tó fẹ́ bá ọ lórí ìdúró,
Metro.