Àmì Tó Wà Nínú Ẹ̀jẹ̀ Hakeem

Ojúlé Kẹrìnlá,
Mayfair,
Ilé-Ifẹ̀,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Ọjọ́ Kẹjọ, Oṣù Keje, 2025.

Àǹtí Àyọ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Bọ̀ọ̀dá Solomon ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ara tèmi le, ọkàn mi ni kò balẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti dìde nídìí lẹ́tà yìí.

Ẹ máa rántí Hakeem tó ń sun pọ̀nmọ́ ní Sábó, tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn. A rí àmì kan nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ àti nínú ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí àìsàn náà ń ṣe. Lóṣù kẹta, mo sọ fún un pé èéfín ló fi àmì yẹn síbẹ̀, pé àmì náà ló sì ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Ọjọ́ náà ló fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Àǹtí mi, ìgbà tí wọ́n ti ń ṣàìsàn ni a gba ẹ̀jẹ̀ wọn! Tí ẹ bá wọ ilé tó jóná, tí ẹ rí omi nílẹ̀, ẹ ò ní sọ pé omi ló dáná sun ún. Àwọn tó wá paná ló dà á síbẹ̀.

Mo lọ tú firísà tí a ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ sí níbi iṣẹ́ wa. Mo rí ẹ̀jẹ̀ tí a gbà lọ́wọ́ Hakeem àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yìí kan náà lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, nígbà tí ara wọn ṣì le. Nínú ènìyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n, méjì péré ló ní àmì náà nígbà yẹn. Hakeem kò sí nínú méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ó ti lo ọdún mẹ́wàá nínú èéfín kí a tó gba ẹ̀jẹ̀ ìgbà yẹn. Ó jọ pé àìsàn ló mú àmì wá. Síbẹ̀, èéfín lè gba ọ̀nà mìíràn ṣe kíndìnrín léṣe. N kò tíì lè sọ.

Mo lọ bá a lánàá. Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ dá mi lóhùn: "Dókítà, ẹ bá mi gbé e kúrò ní kíṣìnì mi o. Ó ti ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi iyọ̀ sọ́bẹ̀!"

A rẹ́rìn-ín. Mo wá ṣàlàyé fún Hakeem pé mo kánjú dá èéfín lẹ́bi lóṣù kẹta. Ó ní, "Ṣé kí n padà sídìí iná?" Mo ní èéfín kò dára fún ẹnikẹ́ni, àmọ́ bóyá òun ló ṣe kíndìnrín rẹ̀ báyìí, mi ò mọ̀.

Ó ní, "Dókítà, lóṣù kẹta, ẹ ò sọ pé ẹ ò mọ̀."

Ẹ bá mi kí Bọ̀ọ̀dá àti àwọn ọmọ.

Èmi àbúrò yín tí kò rí ibi jókòó sí,
Ìmísí Láoyè