Yẹ̀pẹ̀ Aṣálẹ̀ Tó Hó

Sátidé, nílé wa ní ìlú Bowie.

Látìgbà tí Títí ọmọ mi ti fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ lọ kọ́ nípa ilẹ̀ ni mo ti ń pè é ní Ìyá Oníyẹ̀pẹ̀. Lónìí ó gbé yẹ̀pẹ̀ aṣálẹ̀ wálé nínú ìgò, bó ṣe tò nínú ilẹ̀, ó fẹ́ mọ ẹ̀yà tó jẹ́.

Mo ní, "Ṣé ká fi tẹ ẹ̀bà ni?"

Ó kán fíníga sí i. Ó hó bí ọṣẹ! Ó ní ẹfun inú rẹ̀ ló hó, òjò ibẹ̀ ò tó láti fọ̀ ọ́ kúrò. Ó tún fi ìpele rẹ̀ hàn mí: yanrìn, ẹrẹ̀, yanrìn. Àgbàrá ló kó ìpele kọ̀ọ̀kan wá.

Àgbàrá, nínú aṣálẹ̀! Ọlọ́run mà tóbi o.

"Bàámi, ṣé eré ni mò ń ṣe tẹ́ ẹ fi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́?" Kò rẹ́rìn-ín.

Mo wá ẹ̀fẹ̀ títí, n ò rí. Mo ní, "Kì í ṣe eré, ọmọ mi. Jọ̀ọ́, tún kán fíníga sí i."